Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí a fi yọ àlìkámà kúrò nínú ọṣẹ ojú àti ìpara irun

Ẹ̀yin oníbàárà wa, a kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ẹ ti ń fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù ṣọ́ọ̀bù wa ní Mọ́kọ́lá. Ẹnìkan ní ọṣẹ ojú kò hó mọ́ bó ṣe ń hó. Ẹlòmíràn ní ìpara irun ti fúyẹ́, òòyà kì í yọ́ kọjá nínú irun mọ́. Ìyá wa kan ní Bódìjà tilẹ̀ béèrè bóyá a ti ń bomi là á nítorí ọ̀wọ́n ọjà. Rárá o, Mà. Ohun kan ni mo yọ kúrò níbẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín kí n tó ṣe é. Ẹ má bínú pé ẹ̀yìn ni àlàyé ń bọ̀.

Ohun tí mo yọ ni purotéènì àlìkámà tí wọ́n ti fi kẹ́míkà tú. Hydrolyzed Wheat Protein ni wọ́n ń kọ sára ike. Kẹ́ẹ̀gì líìtà márùn-ún la ti ń rà á, omi aláwọ̀ oyin ni, òórùn rẹ̀ jọ ti omi ògì ọjọ́ kẹta. Ọdún méjì la fi lò ó. Nínú ọṣẹ, kì í jẹ́ kí ìfófòó tètè kú. Lórí irun, ó máa ń bo fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, irun á máa dán. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ní oṣù Kẹjọ ni ọmọbìnrin kan wọlé, ó mú ike ìpara irun kan, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ṣé kò sí àlìkámà nínú rẹ̀? Ara mi kọ búrẹ́dì." Ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Mo ní, "Ọmọ mi, ìpara irun lèyí, a kì í jẹ ẹ́." Ó sanwó, ó lọ. Nígbà tí mo fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, iná tọ́ọ̀ṣì fóònù mi bọ́ sára kẹ́ẹ̀gì nísàlẹ̀ tábìlì. Wheat. Fún ọdún méjì ni mo ti ń gbé e sókè, tí mo ń gbé e sílẹ̀, ojú mi kò ka ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ìtìjú mú mi. Ọpẹ́ ni pé ó ti fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Mo pè é lóru ọjọ́ náà, kò tíì ṣí ike. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka ìwé nípa ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná. Ẹ po fúláwà díẹ̀ pọ̀ mọ́ omi, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Omi funfun á máa ṣàn lọ títí, nǹkan kan á sì ṣẹ́kù sí yín lọ́wọ́ tó ń fà bíi rọ́bà. Gluten nìyẹn, òun ni purotéènì àlìkámà. Ẹ rí i pé omi kò lè tú u. Kí oníṣẹ́ ọṣẹ tó lè rí i lò, wọ́n ní láti kọ́kọ́ tú u, ọ̀nà kan tí wọ́n sì ń gbà ṣe é ni kí wọ́n sè é pẹ̀lú ásíìdì.

Purotéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn gígùn. Nínú gluten, nínú ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta, bí ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní glutamine. Tí ásíìdì àti ooru bá dé bá a, okùn á já sí wẹ́wẹ́. Ìyẹn nìkan kọ́. Nǹkan kan á tún já kúrò lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn glutamine náà, á di ammonia, ìlẹ̀kẹ̀ tó sì kù sílẹ̀ á di glutamic acid. Ìlẹ̀kẹ̀ tuntun yìí fẹ́ràn omi, ìdí nìyẹn tí rọ́bà ilé ìdáná yẹn fi di omi aláwọ̀ oyin inú kẹ́ẹ̀gì. Lójú èmi àti ẹ̀yin, àlìkámà náà ni. Lójú àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ara wa, ẹni tó lọ kọ ilà tuntun sójú ni, wọn kò dá a mọ̀.

Ohun tí èyí lè fà, ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti rí i kedere. Láti 2004 títí di 2010, wọ́n ń ta ọṣẹ ìfojú kan níbẹ̀ tí wọ́n fi ewé tíì polówó. Ó lé ní mílíọ̀nù 4 ènìyàn tó lò ó. Purotéènì àlìkámà tí wọ́n fi ásíìdì sè wà nínú rẹ̀, kò sì ju ìdá 0.3 nínú 100 lọ. Nínú ọṣẹ gíráàmù 100, kò tó ìdajì gíráàmù kan! Àwọn tó ti ń jẹ búrẹ́dì àti udon (núdù àlìkámà wọn) láti kékeré wọn, obìnrin ló pọ̀ jù, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ tán kí ìpéǹpéjú wọn wú, kí ara wọn lé bí ẹni tí yànmùyánmú jẹ, kí èémí má délẹ̀. Fún òmíràn, ó dìgbà tó bá jẹun tán tó wá rìn kánmọ́kánmọ́ tàbí tó ṣe eré ìdárayá kó tó mú un. Àwọn mìíràn dákú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sábà fi ń mọ irú àìsàn yìí tẹ́lẹ̀ kò mú un lára ọ̀pọ̀ wọn, torí àlìkámà tó ti yí padà ni ara wọn ń bá jà. Ìjọba kìlọ̀ ní 2010, wọ́n kó ọṣẹ náà kúrò lọ́jà ní 2011. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá 2014, àwọn dókítà ti ka ènìyàn 2,111.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà tó gbà wọlé ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn, tó kí ará ilé, àlejò ni. Ẹni tó gba ojú fèrèsé wọlé, olè la ó pè é. Oúnjẹ tó gba ẹnu wọlé, ikùn ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ṣùgbọ́n ọṣẹ máa ń bó ọ̀rá ojú awọ, ojú àti imú kò sì ní awọ tó nípọn, ìfófòó ń kàn wọ́n láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Èyí tó gba ibẹ̀ wọlé ni ara fi pe ogun, tó sì ṣe ohun ìjà tí àwọn dókítà ń pè ní IgE dè é. Níjọ́ tí búrẹ́dì wá gba ẹnu wọlé, ẹ̀ṣọ́ wò ó, ó ní, "Ẹbí olè àná kọ́ nìyí?" Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Japan yẹn, nígbà tí wọ́n pa ọṣẹ náà tì, IgE wọn ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan láàárín yín bi mí bóyá èyí ni celiac, àìsàn ìfun tí gluten máa ń fà. Rárá o, àìsàn ọ̀tọ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyípadà glutamine sí glutamic acid kan náà wà níbẹ̀. Nínú ìyẹn, ara ènìyàn fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é nínú ìfun, láìsí ọṣẹ kankan, àwọn tó sì bí àbùdá àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní HLA-DQ2 tàbí DQ8 mọ́ra ló sábà ń mú.

Ilẹ̀ Yúróòpù kò fòfin de purotéènì yìí. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2017 ni pé ìwọ̀n ègé rẹ̀ nínú ohun ìpara kò gbọ̀dọ̀ ju 3.5 kilodalton (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ègé purotéènì) lọ, torí ègé kékeré kì í sábà rí IgE gbá mú dáadáa. Mo pe ẹni tó ń tà á fún wa lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní kó wo ìwọ̀n ègé tiwọn fún mi. Lẹ́ẹ̀kẹta ó fi ìwé kan ránṣẹ́: àwọ̀ wà níbẹ̀, òórùn wà níbẹ̀, ìwọ̀n ègé kò sí. Bí mo ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì méjì tó kù jáde nìyẹn.

Ní báyìí, èyí tó ní ọmọrí funfun ni ti àtijọ́, ọmọrí àwọ̀ ewé ni tuntun. Ẹ kó funfun padà wá, kódà bó ti ku ìlàjì, a ó dá owó yín padà tàbí kí a fún yín ní tuntun. Ọṣẹ dúdú wa kò ní àlìkámà nínú rí. Àdín, eérú èèpo kòkó àti omi ni. Ọṣẹ ojú tuntun kò ní hó púpọ̀. Ẹ fi kànìnkànìn rin ín díẹ̀ sí i. Èmi kò bá búrẹ́dì jà o, mo fi jẹ ẹ̀wà àgànyìn láàárọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti lo ọlọ́mọrí funfun, tí ìpéǹpéjú yín ń yún yín tàbí tó ń wú lẹ́yìn búrẹ́dì, kéèkì tàbí sùpàgẹ́tì, ẹ jáwọ́ níbẹ̀, kí ẹ sì mú ike náà dání lọ bá dókítà. Bí èémí bá ń há, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ, ẹ má tíì pè wá. Ẹ yẹ ara ṣampú àti ìpara mìíràn tó wà nílé yín wò pẹ̀lú, orúkọ tí mo kọ sókè yẹn ni kí ẹ wá.

Kẹ́ẹ̀gì yẹn ló wọ́n jù nínú gbogbo ohun tí à ń rà, nítorí náà a ti yọ igba náírà kúrò lórí ìpara irun. Ìyá wa ní Bódìjà, ẹ yà wá gba ṣéńjì yín.