Ìlà Méjì Tó Fún Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi tó wà nílé ìwé,

Ẹ kú làálàá ìdánwò. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kù lọ́rùn mi.

Ẹ wá ìwé kékeré kan. Lálẹ́, kí ẹ tó sùn, ẹ kọ ìlà méjì tàbí mẹ́ta nípa ara yín sí i. Kì í ṣe àròkọ o. Ẹ má wá òwe fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ má sì ro ti ẹni tí yóò fi bírò pupa sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe rí lára yín, ó parí. Ẹ fi ìwé náà pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

Ẹ má pè é ní kékeré. Láyé àwọn baba wa, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí ènìyàn lè so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀fà: mo fà mọ́ ọ. Bí mẹ́jọ bá padà wá, ọkàn wọn jọra nìyẹn. Àrokò tó lè di ìgbéyàwó, kò kún ọwọ́!

Ní 1986, James Pennebaker àti Sandra Beall gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Ìṣẹ́jú 15 lóòjọ́, fún ọjọ́ 4, ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Inú àwọn tó kọ ohun tó ti dùn wọ́n jù bàjẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn tó kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà pẹ̀lú bó ṣe rí lára wọn kò lọ sọ́dọ̀ dókítà ilé ìwé tó àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ ṣákálá. (Èyí kò ní kí ẹni tí ara ń ro má lọ ọsibítù o.)

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Mo ní kí kíláàsì mi kọ àròkọ lórí ọdún Kérésìmesì. Ìlà kan ni ọmọbìnrin kan kọ: "Bàbá mi dé láti Líbíà, kò bọ́ bàtà títí a fi sùn." Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Ó kéré jù. Tún un kọ, ojú ìwé méjì."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ojú ìwé méjì wá: ìrẹsì, adìẹ, aṣọ tuntun, báńgà. Ó fi òwe bẹ̀rẹ̀, ó fi òwe parí. N ò rí bàbá rẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

Mo fún un ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Èmi ni,
Tíṣà yín àtijọ́