Ìtàn Ìfẹ́ Onídán: Ọdún Wo Ló Ṣẹlẹ̀?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ẹ bá tún gba ìtàn ìfẹ́ láàárín onídán àti ẹni tí kò lágbára kankan, èyí tí wọ́n gbé sí Íńgílándì ayé àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi òǹkọ̀wé náà léèrè ọdún. Inú ọdún ni ewu wà.

Bó bá jẹ́ 1620 ni, òfin Ọba James Kìíní ti 1604 ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá pe ẹ̀mí àìmọ́, tàbí tó fi idán pa èèyàn, ikú ni. Kí wọ́n má sì dáná sun ún o: okùn ni wọ́n fi ń pa wọ́n ní Íńgílándì. Òfin náà kò gbàgbé oògùn ìfẹ́. Ẹni tó bá fi idán fa ọkàn ẹlòmíràn sínú ìfẹ́ tí kò bófin mu yóò ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n á mú un lọ síta lọ́jọ́ ọjà, wọ́n á ki ọrùn àti ọwọ́ rẹ̀ bọ pákó fún wákàtí 6, á sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Bó bá tún un ṣe, ikú. Olólùfẹ́ tó bá ń bá ará àdúgbò ṣàwàdà pé "oògùn ló fi mú mi" lè ti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sọ́wọ́ adájọ́. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ tó dá wàhálà odindi ìtàn sílẹ̀.

Láti oṣù Kẹfà 1736, nǹkan yí padà. Òfin 1735 pa ti 1604 rẹ́. Kò sẹ́ni tí wọ́n lè pè lẹ́jọ́ àjẹ́ mọ́. Ẹni tó bá ń díbọ́n pé òun lágbára ni òfin ń wá. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan, kò sí béèlì, àti wákàtí 1 lórí pákó lẹ́ẹ̀mẹrin. Onídán tòótọ́ wá dúró níwájú adájọ́ bí oníjìbìtì! Bí olólùfẹ́ rẹ̀ bá ní lóòótọ́ ló lágbára, wọ́n á ní wọ́n ti tan òun náà jẹ. Bí wọ́n bá sì ti ṣègbéyàwó, kò ní láǹfààní àtisọ ohunkóhun, torí ilé ẹjọ́ ìgbà náà kì í gba ẹ̀rí ọkọ tàbí aya ẹni tí wọ́n fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kàn. Ṣé kí wọ́n fẹ́ra ṣáájú ẹjọ́ ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà, àwọn òǹkọ̀wé sì máa ń fò ó.

Ti ìgbéyàwó kò le. Láti oṣù Kẹta 1754, òfin ní kí wọ́n kéde ìgbéyàwó náà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi mẹ́ta, tàbí kí wọ́n gba ìwé àṣẹ. Àwọn tó fẹ́ sá fún un ń lọ sí abúlé Gretna Green ní Skọ́tlándì, níbi tí òfin náà kò dé.

Àṣìṣe tó kù ni kí idán tú gbogbo ìṣòro. Bí onídán bá lè la ògiri ẹ̀wọ̀n kọjá, kí ni ẹnì kejì wá ṣe nínú ìtàn? Kí òǹkọ̀wé ti pinnu ibi tí agbára náà mọ kó tó jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé. Nígbà yẹn, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń san owó fún wọ́dà, ilé ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ wọn sì ti ń wá. Ẹni tí kò lágbára ni yóò wá owó náà, òun náà ni yóò gbé oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n fún odindi ọdún kan.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín