Ẹ má gbàgbé Kamal Haasan

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Kábà ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ̀yin tẹ́ẹ máa ń kọ nípa fíìmù Íńdíà, ṣé ti èdè Hindi nìkan lẹ mọ̀ ni? Kamal Haasan, òṣèré tó ń ṣe ti èdè Tamil ńkọ́? Ọmọdé ni nígbà tí fíìmù ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1960, ìyẹn gan-an gba àmì ẹ̀yẹ fún un, nígbà tó dàgbà ó tún gba ti òṣèrékùnrin tó dáa jù ní Íńdíà lẹ́ẹ̀mẹta. Lálẹ́ àná la wo Dasavathaaram ti 2008, èèyàn mẹ́wàá lòun nìkan ṣe ńbẹ̀, ó ṣe ìyá arúgbó, ó ṣe òyìnbó, ó tiẹ̀ ṣe Bush tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn (mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀kọ dà sí mi lẹ́sẹ̀), àmọ́ màmá mi kọ̀ jálẹ̀ pé ìyá arúgbó yẹn kì í ṣe ọkùnrin, a ń jà á lọ títí jẹnẹrétọ̀ fi kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fọ́tò ẹ̀ jáde kí màmá lè gbà.