Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Gba Nǹkan Àmì Wọn Wá

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀ fún ìwé ìròyìn yìí. Orí ìdámẹ́wàá ni, ó sì dára púpọ̀ lójú ara mi. Mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó wà ní ẹ̀kọ́ Bíbélì lálẹ́ Ọjọ́rú mọ ìdí tí a kò fi parí ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tí kò sì sí níbẹ̀ ti gbọ́. Wọ́n ti sọ fún un, wọ́n sì ti fi iyọ̀ sí i. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, n kò sì ní tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní, orí 17. Mo mọ̀ pé Gòláyátì ló sáré wá sí yín lọ́kàn. Ẹ fi Gòláyátì sílẹ̀ ná, àwọn ọmọ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi ti pa á tó. Ẹsẹ 17 àti 18 ni mo ń lọ. Jésè ti di arúgbó, ó sì ní ọmọ mẹ́ta lójú ogun: Élíábù, Ábínádábù àti Ṣámà. Ó pe àbíkẹ́yìn rẹ̀ láti ìdí àgùntàn, ó di àgbàdo díndín éfà kan àti ìṣù àkàrà mẹ́wàá fún un, ó fi wàràkàṣì mẹ́wàá lé e fún ọ̀gá wọn. (Bàbá yìí gbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀gá fi ojú rere wo ọmọ òun kì í lọ lọ́wọ́ òfo.) Ó wá ní: "Wo bí àwọn arákùnrin rẹ ti ń ṣe, kí o sì gba nǹkan àmì wọn wá."

Gba nǹkan àmì wọn wá. Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Kí ni bàbá yìí ń fẹ́ gan-an? Owó kọ́, nítorí òun ló ń di ẹrù ránṣẹ́. Ìròyìn ogun kọ́, kò bèèrè ta ló ń borí. Ó ti ní kí Dáfídì wò wọ́n, ìyẹn ì bá sì ti tó: Dáfídì á dé, á ní, "Bàbá, gbogbo wọn wà dáadáa." Àmọ́ Jésè mọ̀ pé ọmọ tí a rán níṣẹ́ lè fi irọ́ tu àgbà nínú. Ohun tó ti ọwọ́ àwọn ọmọ náà fúnra wọn jáde ló ń wá. Bóyá òrùka ni o, bóyá ọ̀já, bóyá ìdì irun. Ohun tí arúgbó lè fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

Àwọn baba wa kò nílò alálàyé fún ẹsẹ yìí. Àrokò ni. Ẹni tó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ó ní ọkàn òun fà sí ọ. Bí o bá fi mẹ́jọ dá a lóhùn, o ní ẹ jọ wà nínú rẹ̀ ni. (Jésè náà fi éfà ránṣẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé òṣùwọ̀n ọkà ni éfà àwọn Hébérù, kì í ṣe ẹfà tiwa. Ó kàn dùn mọ́ mi ni.) Àrokò kì í lọ kó má bọ̀. Ẹni tí a fi àrokò ránṣẹ́ sí tí kò dá nǹkan kan padà, ó ti fèsì nìyẹn.

Nígbà tí a lọ ṣe ìgbéyàwó ní ìlú Bath, mo yà sí ibi ìsìnkú Haycombe. Ọmọ Èkó kan sùn síbẹ̀, Peter Adeniyi Thomas. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1914. Stella ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di adájọ́ májísíréètì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kí ogun Hitler tó dé, ẹni tí ìran rẹ̀ bá jẹ́ ti Yúróòpù pátápátá nìkan ni RAF, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a wà yìí, ń gbà sípò ọ́físà. Oṣù kẹwàá 1939 ni wọ́n tó gbé òfin náà tì. Thomas wọlé ní 1941. Nígbà tó di 1942, ó ti di ọ́físà, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 1945, ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú gba ẹ̀mí rẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́rin sí i tí Jámánì juwọ́ sílẹ̀.

Mo dúró níbẹ̀ nínú òtútù, mo sì ń ro bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dé ilé nígbà náà. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó lẹ́tà láti Liverpool lọ sí Èkó, Jámánì sì ń ṣọ́ wọn lókè àti nísàlẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi Apapa, tí wọ́n fi orúkọ ebúté wa pè, ọkọ̀ òfurufú ló sọ bọ́ǹbù lù ú ní oṣù kọkànlá 1940, ó sì rì. Abosso tẹ̀lé e ní oṣù kẹwàá 1942, ẹ̀mí 362 ló bá a lọ. A ka àwọn òkú. Ta ló ka àwọn lẹ́tà? Èyí tó bá sì là á já, aṣàyẹ̀wò á ti tú u, á kà á, á fi bébà tó ní nọ́ńbà lẹ ẹnu rẹ̀ padà. Ọmọ tó ń kọ́ bí a ti ń fò kò gbọdọ̀ dárúkọ ibi tó wà, kò gbọdọ̀ sọ irú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ ọ. Kí ló wá kù tó lè kọ? Ara mi le. Òtútù ibí yìí kì í ṣe kékeré. Ẹ bá mi kí ìyá àgbà. Àmì nìkan ló kù.

Nítorí àmì yẹn ni ìjọba tó wà lójú ogun ṣe wá ọgbọ́n. Ní oṣù kẹrin 1941, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ya lẹ́tà àwọn ọmọ ogun tó wà ní Íjíbítì sórí fíìmù kí ọkọ̀ òfurufú lè gbé e. Lẹ́tà 1,600 tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 50 di ounce márùn-ún péré. Bó bá dé London, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà kékeré, wọ́n á fi ránṣẹ́ sílé. Fọ́tò ni ìyá gbà o, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló rí níbẹ̀, bó ṣe máa ń kọ "g" rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ, bí yíǹkì ṣe dà sí igun kan.

Ó yá, ẹ̀yin ará Peckham, Woolwich àti Thamesmead, ọkọ̀ ogun abẹ́ omi wo ló wà láàárín ìwọ àti Òṣogbo? Aṣàyẹ̀wò wo ló ń tú ọ̀rọ̀ rẹ wò? Ìyá fi voice note ìṣẹ́jú méje ránṣẹ́, o ní ó ti gùn jù, o ní wàá gbọ́ ọ bó bá di òpin ọ̀sẹ̀. Ó kí ọ, ó kí aya rẹ, ó kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kí ọ kú iṣẹ́, kú òtútù, kú àìsùn, o sì ń retí ìgbà tó máa dé orí ọ̀rọ̀. Kíkí yẹn ni ọ̀rọ̀! O ní o ń fi owó ránṣẹ́. Ó dáa, má dáwọ́ dúró. (Àwọn tó ti ń wá àwáwí níhìn-ín, mo rí yín.) Àmọ́ alẹ́ẹ̀tì báǹkì kò ní ohùn. Jésè kò ní kí wọ́n san nǹkan kan.

Ẹ tún wo ẹsẹ 28. Dáfídì sáré wọ àárín ogun, ó kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Élíábù bínú sí i: kí lo wá ṣe níbí, ta lo fi àgùntàn díẹ̀ nì lé lọ́wọ́? Mo ti ka orí náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ yìí. Élíábù bèèrè àgùntàn. N kò rí ibi tó ti sọ pé, "Bàbá ńkọ́?"

N kò rò pé ìkà ni Élíábù. Ogójì ọjọ́ ni òmìrán ti ń bú u láàárọ̀ lálẹ́, kò sì lè ṣe nǹkan kan. Ojú ń tì í. Nígbà tí ilé dé bá a, ìtìjú ló dáhùn, ó sì fi ohùn ìbínú dáhùn. Ọ̀pọ̀ wa nìyí. Iṣẹ́ òru, owó ilé, ìwé Home Office tí kò tíì jáde. Nǹkan kò rí bí a ti sọ fún wọn pé yóò rí. Bí fóònù bá wá dún láti ilé, a ó ní, "Kí ni wọ́n tún fẹ́?" Ẹ̀rù ló ń bà wá kí wọ́n má bi wá pé ṣé ó ti dára.

Ẹ̀yin kan ti ń sọ láti Ọjọ́rú pé àfọwọ́fà ni. Mo gbọ́. Kí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ mú fóònù tirẹ̀ jáde kí a jọ wò ó. Mo ti wo tèmi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò ṣí i. Èmi, olùṣọ́-àgùntàn yín. Aago kan òru ni mo gbọ́ ọ. Ó ń bi mí bóyá kóòtù tí mo wọ̀ nínú fọ́tò kan nípọn tó.

Àti ìwọ tí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn jù, kì í ṣe ìwọ ni mo ń bá wí. Ka ìtàn náà síwájú. Orí 18, ẹsẹ 2: Sọ́ọ̀lù kò jẹ́ kí Dáfídì padà sí ilé baba rẹ̀ mọ́. Jésè rán ọmọ kan láti gbọ́ nípa mẹ́ta, ọwọ́ ayé gba ìyẹn náà. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé nǹkan àmì náà dé ọwọ́ Jésè. Dáfídì, ẹni bí ọkàn Ọlọ́run, kò mú un délé. Síbẹ̀, nígbà tó ń sá kiri nínú ihò Ádúlámù ní orí 22, àwọn arákùnrin rẹ̀ àti gbogbo ilé baba rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ tọ̀ ọ́ wá, n kò sì rí ibi tí wọ́n ti yọ Élíábù sílẹ̀. Òun tí kò ní ilé ló mú bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ bá ọba Móábù pé kó jẹ́ kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, títí òun yóò fi mọ ohun tí Ọlọ́run yóò ṣe fún òun. A ó sọ̀kalẹ̀ tọ̀ ọ́ wá, ìwọ náà. A kò ní bèèrè àgùntàn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi yìí, bí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, kí ẹnikẹ́ni má sáré síbi tíì. Ẹ pe ilé. Ẹni tí òbí rẹ̀ ti sùn, ẹ pe aládùúgbò tó máa ń bèèrè yín. Wi-Fi ìjọ ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ògiri.

Ìkéde, kíákíá. Ìpàdé àwọn ọkùnrin ti kúrò ní aago márùn-ún, ó di mẹ́rin lọ́jọ́ Sátidé. Ìkòkò ńlá ẹgbẹ́ àwọn ìyá kò tíì padà láti ibi ìsọmọlórúkọ. Ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ ara rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi mọ́tò dí ẹnu ọ̀nà àwọn ará ilé kejì. Kò sí ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀: ilé la ń lọ, ẹ mọ ilé náà, bọ́ọ̀sì ìjọ á gbéra ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Akápò ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ òfurufú náà ń lọ ní Ọjọ́bọ̀, àwọn tó bá sì ní ẹrù tí wọ́n fẹ́ fi rán an sí Èkó, mo bẹ̀ yín ní orúkọ Jésù, ẹ má di nǹkan kan lé e lọ́wọ́.