Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá Yábàá, láti ọwọ́ Ìgúnpá

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àní ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀, ó ti lé lógún ọdún. Mo mọ̀ pé lẹ́tà kì í dé ibi tẹ́ ẹ wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn látìgbà tí mo ti Rwanda dé ní 2018, mi ò sì lè bá Mọ́mì sọ ọ́ torí wọ́n á kàn ní kí n fi òkú ọ̀run sílẹ̀ jàre.

Kí ni mo wá lọ ṣe ní Rwanda? Kíríkẹ́ẹ̀tì ni o, ẹ̀yin náà lẹ kúkú fà á. Ṣé ẹ rántí ẹ̀yìnkùlé yẹn, báàtì tí kápẹ́ńtà bá wa gé látara pákó ilẹ̀kùn, bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì tó ti pá lórí, kéréètì mínírà tá a gbé nàró ṣe wíkẹ́ẹ̀tì, igi tí ẹni tó ń gbá máa ń ṣọ́ kí bọ́ọ̀lù má baà bà á, tẹ́ ẹ máa wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ó máa pariwo "ìgúnpá! gbé ìgúnpá sókè!" títí gbogbo àdúgbò fi sọ mí ní Ìgúnpá. Ẹ ní ẹ ti gbá a rí ní pápá TBS l'Ékòó nígbà tẹ́ ẹ wà ní sùkúù. Àwa ò mọ̀ bóyá irọ́ ni.

Nígbà tí mo di nọ́ọ̀sì ní ìlú òyìnbó, Sátidé tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, pápá ni mo máa ń wà. Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti sọ fún mi nípa Cricket Without Boundaries, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Britain ní 2005, wọ́n máa ń kó àwọn tó bá yọ̀ǹda ara wọn lọ sí Áfíríkà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì láti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé àti tíṣà wọn ní kíríkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ HIV. Ìwọ fúnra ẹ lo máa wá owó ẹ. Mo dáná jọ́lọ́ọ̀fù tà lẹ́yìn ìsìn, ìyá kan sì bi mí pé ṣé èmi ni mo máa sanwó kí n tó lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Bọ̀ọ̀dá, ìbéèrè gidi ni, mi ò tíì rí èsì ẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀ bá fẹ́ràn Kigali. Òkè ni gbogbo ìlú, kó o sáré bíńtín kó o máa mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n kọ́ pápá kíríkẹ́ẹ̀tì kan sí Gahanga, 2017 ni wọ́n ṣí i, òrùlé mẹ́ta tó tẹ̀ bí ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ń ta lọ, iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ wọn náà ni wọ́n fi ṣe táìlì ẹ̀. Kápútéènì wọn nígbà náà, Eric Dusingizimana, gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí 51 ní 2016 kí owó pápá yẹn lè pé. Wákàtí 51 o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gbá ogún ìṣẹ́jú ẹ ti ní ká lọ bu omi tútù wá.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ojú tì mí. Mo ń pariwo "ó yá! ó yá!" fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n sáré, gbogbo wọn dúró gbọnrangandan. Mo tún pariwo, wọ́n ń wo ara wọn. Tíṣà wọn ló rẹ́rìn-ín títí kó tó ṣàlàyé pé "oya" lédè wọn, "rárá" ni. "Yego" ni bẹ́ẹ̀ ni.

Bá a ṣe ń kọ́ wọn nìyí: igi wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ọ̀kan kó o kó ara ẹ níjàánu, ọ̀kan kó o jẹ́ olóòótọ́ sí ẹnì kan, ọ̀kan kó o lo kọ́ńdọ̀m. Bọ́ọ̀lù ni kòkòrò àrùn, báàtì ọwọ́ ẹ lo fi máa dáàbò bo igi ẹ. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ̀, èmi ni inú mi ò fi bẹ́ẹ̀ dùn sí i, torí ó dà bí ẹni pé ẹni tí bọ́ọ̀lù bá bà, òun ló jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ẹlòmíì wà tí wọ́n bí i mọ́ ọn, ó lè wà lórí pápá yẹn gan-an kó ti lo oògùn ẹ̀ láàárọ̀. Nítorí náà mo fi tèmi kún un: nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, tí igi ẹ bá ti wó, o ti jáde nìyẹn, ṣùgbọ́n ti HIV ò rí bẹ́ẹ̀, tó o bá ń lo oògùn ẹ déédéé, kòkòrò yẹn á dín kù débi pé àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń ka iye ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ò ní rí i mọ́, o ò sì ní kó o ran ẹni tó o bá ń bá sùn. Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò, mo ń tẹnu mọ́ ọn.

Ọmọbìnrin kan wá nawọ́, bí ọmọ ọdún méjìlá. Ó ní "Kóòṣì, ṣé o mọ ẹnì kankan tó ní SIDA?" SIDA ni wọ́n ń pe éèdì. Bọ̀ọ̀dá, èmi nọ́ọ̀sì, ẹnu mi kàn là, mo ní "Oya."

Mo rí kọ́ọ̀pù yín lójú mi níbẹ̀. Kọ́ọ̀pù tí wọ́n fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sí kí àwa ọmọdé má baà fẹnu kàn án. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n tún ní àwọn ará ọ́fíìsì yín ló ṣe yín. Nígbà tí Fẹlá kú ní August 1997, tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti tó ti ṣe mínísítà ìlera, sọ fún àwọn oníròyìn pé éèdì ló pa á, Dádì dìde pa rédíò. Ẹ wà ní yàrá kejì. Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́. Nígbà yẹn wọ́n ti rí oògùn tó ń kápá ẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, ó di 2002 kí ìjọba tiwa tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in, ẹ̀yin ò sì rí Kérésì 1997 yẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn awakọ̀ wa gbà wá kọjá Kicukiro, níbi ilé ìwé tí wọ́n ti máa ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì kí Gahanga tó dé. Ibẹ̀ làwọn èèyàn sá sí ní April 1994, nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Tutsi ní ìpakúpa, sọ́dọ̀ àwọn sójà UN láti Belgium, àfi bí àwọn sójà yẹn ṣe kẹ́rù tí wọ́n lọ, ni àwọn apààyàn bá kó àwọn èèyàn náà lọ pa, wọ́n lé ní 2,000. Ó ń sọ ọ́, kò rọhùn sílẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń sọ ọ́, Kwibuka ni wọ́n ń pè é, pé kéèyàn máa rántí, kódà ìdíje kíríkẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin wọn, orúkọ yẹn ló ń jẹ́. Mi ò lè sùn.

Ilẹ̀ mọ́, mo padà sí ilé ìwé yẹn, mo wá ọmọ náà kàn, mo ní ìbéèrè àná yẹn, yego. Bọ̀ọ̀dá mi ni, éèdì ló pa wọ́n. Tíṣà túmọ̀ ẹ̀ fún un. Mo rò pé ó máa bẹ̀rù tàbí kó ní ẹ pẹ̀lẹ́. Ó kàn ní, "Ṣé wọ́n mọ kíríkẹ́ẹ̀tì gbá?"

Mo ní ẹ mọ̀ ọ́n gbá dáadáa, àmọ́ tí kéréètì bá ti wó, ẹ̀yin lẹ máa ń ní atẹ́gùn ni.