Ẹ Ka Èèyàn Kí Ẹ Tó Ka Owó

Ọ̀gá Olóòtú,

Iṣẹ́ àsè ni mo fi ń jẹun, nítorí náà ó lè ya àwọn oníbàárà mi lẹ́nu pé èmi ni mò ń kọ ìwé yìí lórí bí èèyàn ṣe lè ṣe àpèjẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde láì náwó púpọ̀. Bí àsìkò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde bá ti ń sún mọ́lé, àwọn òbí á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni irú oúnjẹ tí a máa sè. Tí mo bá ní, "Èèyàn mélòó lẹ fẹ́ pè?", wọn á ní, "A ò tíì mọ̀, ẹ ṣáà jẹ́ kó pọ̀." Ibẹ̀ ni owó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Ìjókòó ni o, abọ́ ni o, ife, omi, yìnyín, àyè tí ẹ máa lò, iye èèyàn ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Bí ẹ bá yọ orúkọ 30 kúrò nínú 100, gbogbo wọn ló dín kù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó fi 100 sílẹ̀, tó wá ń wá oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú kiri, ńṣe ló máa fi oúnjẹ tí kò dùn ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn lálejò. Ọmọ tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde gan-an ni kí ẹ jẹ́ kó kọ orúkọ ṣáájú. Ìyá kan fún mi ní orúkọ tó kún ojú ewé mẹ́ta, ọmọ rẹ̀ ò mọ ìdajì wọn. Olùkọ́ tó jókòó ti ọmọ náà títí ìṣirò fi yé e, kò sí níbẹ̀. Àwọn tí ìyá ń bá ṣòwò ló pọ̀ jù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo aago. Ẹni tó ti jẹun ọ̀sán nílé kì í retí abọ́ kíkún. Ìpanu àti ohun mímu tútù tó o. Aago 2 sí aago 4 dára, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé ìpanu ni. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, tí àlejò wá fi ebi wá, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi.

Mo mọ̀ pé ọjà ara mi ni mò ń bà jẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí alásè kankan sọ fún yín pé oríṣi oúnjẹ mẹ́fà ló bójú mu. Èèyàn á bu díẹ̀ nínú gbogbo ohun tó bá rí, á jẹ ìdajì, á fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ se oríṣi méjì tó dùn dáadáa, kí ẹnì kan dúró tì í, kó máa bù ú sínú abọ́ kékeré. Ẹni tí kò bá yó á padà wá.

Ibi tí mi ò fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́wó ná ni yìnyín àti iná tí yóò mú oúnjẹ gbóná. Oúnjẹ sísè tí kò sí lórí iná tàbí nínú yìnyín kò gbọdọ̀ jókòó sórí tábìlì ju wákàtí 2 lọ. Bí ooru ojú ọjọ́ bá ti kọjá 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wákàtí 1 péré ni. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa gbé e jáde.

Bí ọ̀rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta bá jọ kẹ́kọ̀ọ́ jáde, kí wọ́n jọ ṣe àpèjẹ náà. Gbọ̀ngàn kan, ayafọ́tò kan, àga kan náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ wọn ló sì jẹ́ ẹnì kan náà, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa bọ́ wọn. Àmọ́ kí àwọn òbí ti fẹnu kò lórí owó kí wọ́n tó máa jiyàn lórí àwọ̀ aṣọ tábìlì. Ní ti ọ̀ṣọ́, ẹ lẹ fọ́tò ọmọ náà mọ́ ògiri láti kíláàsì àkọ́kọ́. Àwọn èèyàn máa ń dúró síwájú rẹ̀ ju síwájú bàlúùnù aláwọ̀ lọ.

Gbèsè ńkọ́? Ẹ má yá owó ṣe é rárá. Ọmọ náà ṣì máa wọkọ̀ lọ wáṣẹ́.

Àwọn tí ẹ ò pè á bínú, kò sí bí ẹ ṣe lè ṣe é. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ ní àyè ló kéré, pé ọmọ ń bọ̀ wá kí wọn nílé. Kí ọmọ náà sì lọ o.

Èmi ni,
Alásè kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín