Ẹ̀sùn lórí SSD kejì: orúkọ kan náà, àmọ́ inú wọn ò jọra

Sí ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀sùn kọ́sítọ́mà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi lẹ́tà yìí sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tó máa ń dáhùn fúnra ẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti dá mi lóhùn, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dẹ̀ ní kí n pa kọ̀ǹpútà kí n tún un tàn. Mo ti pa á, mo ti tàn án. Èèyàn ni mo fẹ́ kó ka eléyìí.

Mo ní sáfà kékeré kan nílé, Proxmox (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan ṣiṣẹ́ bí ọ̀pọ̀) ló wà lórí ẹ̀, VM mẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, háàdì dísíìkì ńlá mẹ́rin ló ń gbé fọ́tò, fídíò àti backup gbogbo ilé. Nígbà tó yá àwọn VM yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo jù fún háàdì dísíìkì, tí méjì bá ti ń ṣe update lẹ́ẹ̀kan náà àwọn yòókù á kàn dúró gbagidi. Mo kọ́kọ́ fẹ́ ra SSD (dísíìkì tó yá ju háàdì dísíìkì lọ) kan ṣoṣo kí n fi ṣe cache, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kó ohun tí èèyàn ń lò jù sí kó lè yá, kí VM ṣì wà níbi tó wà, àmọ́ nígbà tí mo rò ó dáadáa, L2ARC, irú cache tí ZFS (ètò tó ń tọ́jú fáìlì lórí dísíìkì mi) ń lò yẹn, kíkà nìkan ló ń bá èèyàn yá, kì í ràn án lọ́wọ́ tó bá ń kọ nǹkan, ó dẹ̀ tún ń jẹ lára RAM láti fi rántí ohun tó kó pa mọ́, ẹni tí RAM ẹ̀ ò tó, RAM ló yẹ kó kọ́kọ́ wá kún un. Mo wá RAM kún un. Mo wá pinnu pé SSD méjì ni màá rà, NVMe (irú SSD tó yá gan-an) 1TB méjì, kí n so wọ́n pọ̀ ní mirror, kí ohun kan náà wà lórí àwọn méjèèjì, kí VM máa gbé orí wọn, kí wọ́n dẹ̀ tún máa gba fáìlì tó bá ń wọlé lọ́sàn-án kí script (ètò kékeré) kan tó kó wọn lọ sórí háàdì dísíìkì lóru. Mirror yẹn ò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀ o, torí tó bá jẹ́ SSD kan ṣoṣo ló di fáìlì yẹn mú tó bá lọ kú, gbogbo ohun tí ò tíì dé orí háàdì dísíìkì ti bá a lọ nìyẹn.

Mo ra àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ yín, mo lò ó fún bí oṣù méjì, ó tẹ́ mi lọ́rùn débi pé mi ò yẹ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn wò mọ́, mo padà wá ra ìkejì. Nọ́ńbà model kan náà, páálí kan náà, àwòrán iwájú kan náà. Mo rò pé ìbejì ni mo rà.

Image VM kan, ìyẹn fáìlì tó gbé gbogbo VM, tó tó 300GB ni mo fi dán wọn wò. Ti àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ ní bíi 2,000MB/s, ó wá rọra já sí 900, ó dẹ̀ dúró lórí 900 yẹn títí tó fi parí. Ti ìkejì náà bẹ̀rẹ̀ ní 2,000, mo dìde lọ bu omi mu, ìgbà tí màá fi padà dé, ó ti dé 74GB, ó dẹ̀ ti já lulẹ̀ gbì. Mo jókòó tì í, mo ń wo nọ́ńbà yẹn: 90, 84, 91, 88. Háàdì dísíìkì mi tó ti gbó ń ṣe ju 150 lọ! Ó lé ní ogójì ìṣẹ́jú kó tó parí ìyókù. Mo ní bóyá ihò tí mo kì í sí ni, mo pààrọ̀ ojú ihò àwọn méjèèjì, ìfàsẹ́yìn burúkú yẹn tẹ̀ lé ìkejì lọ síbẹ̀.

Ó tún wá burú sí i torí mirror ni. Ohun tí mo bá kọ, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ tán kó tó parí, torí náà tí ìkejì yín bá ti ń wọ́, àkọ́kọ́ náà á máa dúró dè é. Owó méjì ni mo san, mo wá ra ìfàsẹ́yìn sí èyí tó ti ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀.

Mo fi smartctl, ètò tó ń sọ ìpò dísíìkì, wò wọ́n: orúkọ kan náà, firmware (ètò inú dísíìkì fúnra ẹ̀) ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo tan iná fóònù sí wọn láti ẹ̀gbẹ́ (mi ò bó sítíkà o, ẹ má wá fi wáràńtì dẹ́rù bà mí), àkọ́kọ́ ní DRAM (memory kékeré tó ń mú kó yá) lẹ́gbẹ̀ẹ́ controller (chip tó ń darí ẹ̀), ti ìkejì, ibẹ̀ ṣófo, àwọn ojú irin tó yẹ kí wọ́n jó DRAM mọ́ kàn ń dán lásán. Ìwé pẹlẹbẹ inú páálí àkọ́kọ́ kọ TLC (irú chip tó ń gbé dátà) àti 600 TBW (iye terabyte tí èèyàn lè kọ sí i kó tó gbó) sínú. Ti ìkejì, ẹ yọ ìlà méjèèjì kúrò. Ẹ̀yin gan-an mọ ohun tí ẹ ṣe.

Pẹ̀lú ohun tí mo rí yìí, QLC, irú chip mìíràn, ló jọ pé ẹ kó sínú ìkejì. Mi ò bá QLC jà. Tí mo bá fẹ́ kó fíìmù sí ibì kan kí n máa wò ó, màá rà á. Bíìtì mẹ́rin ló ń kó sínú ihò kékeré kan nínú chip tí TLC ń kó mẹ́ta sí, ó ń gba nǹkan púpọ̀, àmọ́ kíkọ ni ìṣòro ẹ̀, apá kékeré kan tó ń ṣe bíi SLC (bíìtì kan péré nínú ihò kan) ló gbé 2,000 yẹn jáde, ìgbà tí apá yẹn bá kún lẹ máa tó rí ojú ẹ̀ gan-an. VM dẹ̀ rèé, tọ̀sán-tòru ló ń kọ nǹkan, log, database, swap, kì í sinmi.

Ẹni tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn ní kí n fi sọ́fítíwià yín yẹ̀ ẹ́ wò, Windows nìkan ló ń gbà, mo tú sáfà, mo gbé SSD lọ sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, sọ́fítíwià ní ara ẹ̀ le. Ẹnì kejì ní SSD yẹn ò wà fún sáfà, àfi kí n ra èyí tó ní PLP, ìyẹn ààbò fún ìgbà tí iná bá lọ. Mo mọ̀ pé capacitor inú ìyẹn ló ń pa dátà mọ́ tí iná bá lọ lójijì, mo mọ̀ pé sync write (kíkọ tó gbọ́dọ̀ dúró títí dísíìkì á fi jẹ́rìí pé dátà ti wọlé) máa ń yá lórí ẹ̀, UPS ni mo ń fi gbọ́ bùkátà ní tèmi, ìyẹn kọ́ ni ẹ̀sùn mi. Ṣebí ẹ̀yin lẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ "home server" sára páálí?

Ohun tí mo fẹ́ ò le. Ẹ fún mi ní èyí tí inú ẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu, TLC tó ní DRAM, tí kò bá sí mọ́, ẹ dá owó mi padà pé, mi ò fẹ́ 2TB irú ìkejì yìí, ẹ má fi tàn mí. Ẹ dẹ̀ fún èyí tí ẹ yí inú ẹ̀ padà ní nọ́ńbà model tiẹ̀.

Mo ti yọ ìkejì kúrò nínú mirror, ẹsẹ̀ kan ni VM mi fi ń dúró báyìí, alaalẹ́ ni mò ń ṣe backup, torí náà ọjọ́ 14 ni mo fún yín. Rísíìtì, èsì smartctl àti fọ́tò wà nínú ímeèlì yìí. Èyí tí mo fi àmì pupa sí ni àkọ́kọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ fi wáràńtì ìyẹn dípò ti ìkejì.

Èmi kọ́sítọ́mà yín